YÍYAN ASÀ AFẸ́FẸ́ FÚN ALÙPÙPÙ ONÍRÌN-ÀJÒ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Bí ó bá jẹ́ pé mo fẹ́ fi òwe yìí bá ẹnì kan wí, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń gbé ní Ọ̀pẹ̀bí, ní Ìkẹjà, ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí ẹlòmíràn má baà fi owó ara rẹ̀ ra ewu gẹ́gẹ́ bí òun ti ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi yóò bi ara yín léèrè pé, kí ni ó kan olùkọ́ni nínú ọ̀rọ̀ alùpùpù? Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé nígbà tí a bá jáde kúrò níhìn-ín, kì í ṣe gbogbo wa ni a ó rán lọ sí ibi tí ọkọ̀ èrò ń kọjá ní wákàtí wákàtí. Àwọn kan nínú wa yóò gun alùpùpù lọ sí ibi iṣẹ́ wọn, àwọn mìíràn yóò sì máa gùn ún láti ìlú dé ìlú. Ẹni tí yóò bá máa rìn ní ojú ọ̀nà, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ń dáàbò bò ó, kí ó sì mọ ohun tí ó kàn ń jọ ààbò lásán.

Ohun tí mo ń pè ní asà afẹ́fẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fairing. Ó jẹ́ ìbòjú tí a dè mọ́ iwájú alùpùpù láti gba afẹ́fẹ́, òjò, eruku àti kòkòrò kúrò ní ara ẹni tí ń gùn ún. Òkè rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ike mímọ́ gaara, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní wínsíkírìn; ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ ike líle tí a kùn ní ọ̀dà. Oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan ni èyí tí a dè mọ́ alùpùpù pátápátá, tí kì í kúrò níbẹ̀ bí kò ṣe pé a mú irinṣẹ́ tọ̀ ọ́ wá. Èkejì ni èyí tí ó ṣeé tú, tí ènìyàn lè yọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì tún fi padà nígbà tí ó bá fẹ́. Èyí èkejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀pẹ̀bí yóò mọ ìdí rẹ̀ tí èyí tí ó ṣeé tú fi yẹ àwọn ará ibẹ̀. Ní ọ̀sán gangan, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá ti di ojú ọ̀nà láti Ọ̀pẹ̀bí títí dé Allen, tí ooru sì ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì wá bá ẹni tí ó jókòó lé e, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ń fẹ́ ni ìtura kan ṣoṣo tí ó ní, asà a sì máa dí i mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù kan náà bá jáde sí ọ̀nà Ìbàdàn ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ohun tí ó jẹ́ ìnira ní àárín ìlú a di àánú fún ẹni tí ń gùn ún. Nítorí náà ni àwọn onírìn-àjò fi fẹ́ asà tí a lè fi sílé ní ọjọ́ iṣẹ́, kí a sì mú un jáde ní ọjọ́ ìrìn-àjò.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà akérò ni mò ń sọ. Òfin ìrìnnà ojú pópó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní òpópónà 475. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkẹjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn alùpùpù ńlá tí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì wọn ju 200 lọ ni a yọ sílẹ̀ nínú ìdènà náà. Irú àwọn wọ̀nyí ni àwọn onírìn-àjò ń gùn, irú wọn ni ti ẹ̀gbọ́n mi, àwọn sì ni eré wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí asà afẹ́fẹ́ fi di ohun tí a kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ènìyàn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá yóò jẹ́rìí sí i pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ohun tí ń sáré kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Bí ènìyàn bá kúrò ní eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ó sì ń sá 100, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì í kò di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ni ó ń dà. Bí ó bá sá 150, ó di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹni tí kò ní asà a máa fi apá àti ọrùn rẹ̀ gba gbogbo agbára yìí. Bí ó ti ń dì mọ́ ọwọ́ alùpùpù kí afẹ́fẹ́ má baà tì í sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ejìká rẹ̀ ń rẹ̀. Ariwo afẹ́fẹ́ ń di etí rẹ̀. Bí òjò bá sì dé, ẹ̀kán omi a máa ta á bí òkò wẹ́wẹ́. Àárẹ̀ yìí kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀, títí ẹni náà yóò fi máa rí ewu lẹ́yìn tí ó ti yẹ kí ó ti rí i. Ìdí nìyí tí asà fi wúlò: kì í ṣe fún ìgbádùn nìkan, ó wà kí ọkàn àti ojú lè jí títí dé òpin ọ̀nà.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn tí ń ṣe alùpùpù ti ń wá ọ̀nà àtiṣẹ́gun afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Moto Guzzi ní Ítálì kọ́ ihò afẹ́fẹ́ ńlá kan sí Mandello, níbi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu alùpùpù láti mọ bí yóò ti gba orí rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn èyí ni àwọn eléré-ìje ń lo asà tí ó bo gbogbo iwájú alùpùpù àti táyà iwájú pẹ̀lú. Ó mú kí wọ́n yára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ti ẹ̀gbẹ́ kọlù wọ́n, a máa gbé wọn kúrò ní ipa ọ̀nà wọn. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré-ìje alùpùpù ní gbogbo àgbáyé fi kọ irú asà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 1958. Ní Amẹ́ríkà, Craig Vetter bẹ̀rẹ̀ sí ta asà tirẹ̀ tí ó pè ní Windjammer fún àwọn onírìn-àjò ní ọdún 1971. Ní Jámánì, BMW gbé R100RS jáde ní ọdún 1976 pẹ̀lú asà tí a ti dán wò nínú ihò afẹ́fẹ́. Nígbà tí Harley-Davidson sì gbé alùpùpù tí ó ń jẹ́ Road King jáde fún ọdún 1994, asà rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó ṣeé yọ. Ẹ rí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ní apá méjì: ohun tí ó gbà wá lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ iwájú lè fà wá lé afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ lọ́wọ́ bí a kò bá yàn án dáradára.

Wàyí o, mo fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ó ra asà kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Asà náà ga, ó fẹ̀, wọ́n sì ti kùn ún ní dúdú tí ń dán gbinrin. Oníṣòwò náà wí fún un pé bí asà bá ti ga tó ni ààbò rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́, nítorí ohun náà dára lójú; kò tilẹ̀ jókòó lórí alùpùpù rẹ̀ kí ó wò ó kí ó tó sanwó. Ní oṣù kẹsàn-án, nígbà òjò àrọ̀kúrò, a kúrò ní Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́ láti padà sí Èkó, èmi ni mo sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Kí a tó dé ìhà Ṣágámù, òjò dé, ilẹ̀ sì ṣú. Omi bo iwájú asà, ìkùukùu bo ẹ̀yìn rẹ̀, dúdú tí a fi kùn ún sì gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó kù. Iná àwọn ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá pàdé wa fọ́n káàkiri lójú rẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún fìtílà ni a tàn síwájú wa. Lójijì ni ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí ibi ìtẹ́sẹ̀, ó na ọrùn kọjá òkè asà, ó sì kígbe. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ni ó dúró sójú ọ̀nà láìní iná lẹ́yìn. Ó rọra tẹ bíréèkì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ọlọ́run sì mú wa kọjá.

Nígbà tí a dúró sábẹ́ òrùlé ilé epo kan, ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Àbúrò, ohun tí mo rà láti fi bo ojú mi ni ó fẹ́ gba ojú mi lọ́wọ́ mi.” Nítorí pé asà náà ṣeé tú, ó tú u níbẹ̀, a fi í sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣọ́ ilé epo náà, a sì rìn jẹ́jẹ́ nínú òjò dé Ọ̀pẹ̀bí. Aṣọ wa tutù rinrin, òtútù sì mú wa. Síbẹ̀ a ń rí ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti fi ara balẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ti ń yan asà, ohun tí ó sì kọ́ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún yín báyìí.

Ohun kìíní ni gíga rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Asà tí ó bá ẹnì kan mu kò ní bá ẹlòmíràn mu, kódà bí àwọn méjèèjì bá ga ní ìwọ̀n kan náà bí wọ́n bá dúró, nítorí ẹlòmíràn gùn ní ẹsẹ̀, ẹlòmíràn sì gùn ní àyà. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà á jókòó lórí alùpùpù tirẹ̀ bí ó ti máa ń jókòó lójú ọ̀nà, kí ó dé àṣíborí rẹ̀, kí ẹlòmíràn bá a di alùpùpù náà mú ní òró, kí ó sì wo iwájú. Etí òkè asà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan imú rẹ̀ tàbí ètè rẹ̀ òkè. Ojú rẹ̀ yóò máa gba òkè asà kọjá lọ sí ojú ọ̀nà. Kò gbọdọ̀ jẹ́ pé inú asà nìkan ni ó ti lè rí iwájú. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ yóò lù yín lójú: bí afẹ́fẹ́ bá dé etí asà, a máa gòkè díẹ̀ sí i kí ó tó tẹ̀ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni yóò gba orí àṣíborí yín kọjá. Bí asà bá ga jù, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gé e kúrú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kúrú jù, kò sí ẹni tí yóò fi ike kún un.

Àléébù mìíràn tún wà nínú asà tí kò bá ni mu. Etí rẹ̀ lè máa darí afẹ́fẹ́ sí orí ẹni gan-an, tàbí kí òfìfo ẹ̀yìn rẹ̀ máa fa ààjà kékeré tí yóò máa gbọn àṣíborí síwá sẹ́yìn. Ẹni tí orí rẹ̀ bá ń gbọ̀n báyìí fún wákàtí méjì, orí fífọ́ ni yóò fi ṣe ìkíni nílé. Láti mọ̀ ọ́n, kí ó gun alùpùpù náà ní ọ̀nà títẹ́jú tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí ó gbé ara sókè díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó tẹ ara sílẹ̀ díẹ̀. Bí ariwo bá dínkù ní ọ̀kan nínú méjèèjì, etí asà náà kò sí ní ibi tí ó yẹ. Nígbà mìíràn, bí a bá yí asà díẹ̀ sẹ́yìn tàbí tí a fi àlàfo kékeré sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kún òfìfo náà, ara yóò rọ̀. Nítorí náà, asà tí a lè yí ìdúró rẹ̀ padà sàn ju èyí tí ó ní ìdúró kan ṣoṣo lọ.

Ohun kejì ni ohun tí a fi ṣe é. Oríṣi ike méjì ni ó wọ́pọ̀. Èyí tí ń jẹ́ acrylic mọ́ gaara, kì í sì tètè ní ìlà nígbà tí a bá ń nù ún, ṣùgbọ́n bí òkúta bá bà á, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èkejì ni polycarbonate, èyí tí a ṣàwárí rẹ̀ ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1953. Òun le gidigidi. Òkúta lè dá ọgbẹ́ sí i lára láìfọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó tètè ń gba ìlà bí a kò bá fi ohun mìíràn bò ó, bí epo bẹntiróòlù tàbí oògùn ìnudígí tí ó ní amóníà bá sì kàn án, a máa sán kéékèèké. Lójú ọ̀nà wa tí òkúta wẹ́wẹ́ ń ta láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, polycarbonate tí a ti fi ohun líle bò lójú ni mo rò pé ó yẹ onírìn-àjò. Ní ti àwọ̀ rẹ̀, kí ó mọ́ gaara. Asà dúdú dára ní ojú àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ ohun tí ó ṣe fún wa ní ìhà Ṣágámù. Kí a tó sanwó, kí a wo òpó iná kan láti inú rẹ̀: bí òpó náà bá dà bí ẹni pé ó wọ́, ike náà kò dán mọ́rán, yóò sì máa tan ojú jẹ.

Ohun kẹta ni ibi tí a dè é mọ́. Àwọn asà kan wà tí a ń dè mọ́ ọwọ́ alùpùpù, tí wọ́n sì ń yí bí ọwọ́ náà ti ń yí. Àwọn mìíràn wà tí a ń dè mọ́ egungun alùpùpù, tí wọn kì í yí. Èyí tí ó wà lára ọwọ́ rọrùn láti fi àti láti yọ, ó sì sábà máa ń dínwó. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwúwo rẹ̀ àti gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó bá kọlù ú ni yóò dé ọwọ́ ẹni. Bí ó bá tóbi jù, alùpùpù lè bẹ̀rẹ̀ sí mì tìtì nígbà tí eré bá pọ̀. Nítorí náà, ẹni tí yóò bá dè é mọ́ ọwọ́, kí ó yan èyí tí ó kéré tí ó sì fúyẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ èyí tí ó tóbi, kí ó wá èyí tí a ń dè mọ́ egungun. Lẹ́yìn tí a bá ti dè é tán, kí a yí ọwọ́ alùpùpù títí dé òpin ní ọ̀tún àti ní òsì. Asà náà kò gbọdọ̀ kan táǹkì, kò gbọdọ̀ fa okùn bíréèkì tàbí okùn iná, kò sì gbọdọ̀ dí iná iwájú tàbí afẹ́fẹ́ tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára.

Ohun kẹrin, tí ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí, ni ìkọ́ tí ó so ó ró. Níbi tí asà bá ti ṣeé tú, ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé: ǹjẹ́ kò ní tú nígbà tí a kò rán an? Ìkọ́ rere ni èyí tí a lè ṣí láìlo irinṣẹ́, ṣùgbọ́n tí kò lè ṣí fúnra rẹ̀ nítorí kòtò tàbí ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì. Ibi mẹ́rin tí a ti dì í mú sàn ju méjì lọ. Kí rọ́bà wà láàárín irin àti ike, nítorí ike tí irin bá ń gún yóò sán láti ibẹ̀. Nígbà tí a bá fi í tán, kí a fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, kí a mì í gidigidi: alùpùpù ni ó yẹ kí ó mì, kì í ṣe asà. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ àkọ́kọ́, kí a dúró kí a tún gbogbo ìdè rẹ̀ wò, nítorí ìdè titun a máa dẹ̀ díẹ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ohun tí ó rọrùn fún wa láti yọ rọrùn fún olè náà. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ lára alùpùpù níta mọ́jú. Kí a gbé e wọlé.

Ohun karùn-ún ni ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ń gba Afárá Third Mainland kọjá, èyí tí a parí ní ọdún 1990, mọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti máa ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bí asà bá ti fẹ̀ tó ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń rí ibi dì mú tó. Kí ẹni tí ó ní asà fífẹ̀ dín eré kù níbẹ̀, kí ó sì múra sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù gíga, nítorí afẹ́fẹ́ yóò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà ni yóò sì tún kọlù ú lójijì. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a máa bo asà. Ẹni tí ó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ń fi yanrìn ha ojú rẹ̀ ni. Omi ni kí a kọ́kọ́ dà sí i, kí a fi ọṣẹ tí kò le àti aṣọ múlọ́múlọ́ fọ̀ ọ́. Bí òkú kòkòrò bá gbẹ mọ́ ọn, kí a fi aṣọ tútù bò ó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n lè rọ̀. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: asà tí ó tẹ̀ kọrọdọ lè kó ìtànṣán oòrùn jọ sí ojú kan gẹ́gẹ́ bí dígí awòye. Bí a bá gbé alùpùpù kalẹ̀ tí oòrùn sì ń ran asà láti ẹ̀yìn, ó lè yọ́ àwọn ohun èlò ike tí ó wà níwájú olùgùn. Kí a kọ iwájú alùpùpù sí oòrùn, tàbí kí a yọ asà náà, tàbí kí a fi aṣọ bò ó.

Kí n tó dákẹ́, mo gbọ́dọ̀ sọ pé asà kò rọ́pò àṣíborí. Nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá mú òfin àṣíborí ṣẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá sórí, kí wọ́n lè dà bí ẹni tí ó pa òfin mọ́. Gbogbo ènìyàn fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ti máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrìn-àjò wa náà, mo rí i pé kò sí ìyàtọ̀ púpọ̀ láàárín ẹni tí ó dé igbá àti ẹni tí ó ra asà nítorí dídán rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ tan ọlọ́pàá jẹ. Ẹni èkejì tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, gbogbo wa ni a mọ ìtàn Dáfídì, nígbà tí Sọ́ọ̀lù ọba fi ìhámọ́ra ara rẹ̀ wọ̀ ọ́ kí ó tó lọ pàdé Gòláyátì. Ìhámọ́ra ọba ni, kò sí èyí tí ó dára jù ú lọ ní ibùdó; ṣùgbọ́n Dáfídì gbìyànjú láti rìn nínú rẹ̀, ó rí i pé kò bá òun mu, ó sì bọ́ ọ sílẹ̀. A sábà máa ń yìn ín nítorí òkúta rẹ̀ márùn-ún. Ó yẹ kí a yìn ín pẹ̀lú nítorí pé ó dán ìhámọ́ra wò kí ogun tó dé, kò sì tijú láti bọ́ ohun tí kò yẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí asà, àti sí ohun gbogbo tí a bá fẹ́ fi ẹ̀mí wa lé lọ́wọ́: kí a kọ́kọ́ jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kí a wò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ní asà mìíràn nísinsìnyí. Ó mọ́ gaara, kò ga ju imú rẹ̀ lọ, ìkọ́ mẹ́rin ni ó sì dì í mú. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ó máa ń gbé e kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀ ní Ọ̀pẹ̀bí; ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn-àjò, a sì fi í, a mì í, a jókòó, a sì wo òkè rẹ̀ kọjá kí ó tó tanná sí ẹ́ńjìnnì. Mo tún ti bá a lọ sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà. Òjò pa wá ní ẹ̀ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dìde dúró lórí ibi ìtẹ́sẹ̀ láti wá ojú ọ̀nà.